Láti Ọ́fíìsì Dé Sítọ́ọ̀: Bí A Ṣe Ń Fi Fáíbà àti Mídíà Kọ̀nfátà So Ilé Iṣẹ́ Pọ̀

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ilé iṣẹ́, ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú kọ̀ǹpútà àti kámẹ́rà níbẹ̀, ó sì kan ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ní ọjà Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bírò àti ìwé, nítorí nọ́ńbà díẹ̀ wà tí ẹ máa fẹ́ kọ sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ títí. Bí ẹ bá fẹ́ so kọ̀ǹpútà inú ilé kan mọ́ ti inú ilé mìíràn nínú ọgbà kan náà, ẹ má fa wáyà bàbà láti ilé sí ilé mọ́. Fáíbà ni kí ẹ fà, kí ẹ sì fi mídíà kọ̀nfátà kan sí ìkángun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà kò le. Àmọ́ ó ní òfin tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì pa òfin náà mọ́ á kàn fi owó rẹ̀ ṣòfò ni.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ àgbègbè Ìkẹjà àti Agége wa yìí dó. Ní òpin àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ni wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá. Ojú irin ti gba Agége kọjá lọ sí Ìbàdàn láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ṣáájú, pápákọ̀ òfurufú sì wà nítòsí. Ilẹ̀ fífẹ̀ ni wọ́n pín. Ọ́fíìsì máa ń wà níwájú, ó kọjú sí títì. Gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ wà láàrin. Sítọ́ọ̀ àti ilé jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó ya àwòrán àwọn ilé wọ̀nyí, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń rò, kò ro kọ̀ǹpútà. Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà bẹ́ẹ̀, láti ọ́fíìsì dé sítọ́ọ̀ lè tó mítà 200, ó lè tó 300.

Lónìí, ohun gbogbo nínú ọgbà yẹn ló fẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Akọ̀wé sítọ́ọ̀ fẹ́ kọ ọjà tó jáde kí akáǹtì rí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ ìka sí láàárọ̀ wà ní géètì, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ni orúkọ wọn ń lọ. Kámẹ́rà wà lẹ́yìn ògiri, ọ̀gá sì fẹ́ máa wò ó lórí tábìlì rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á lọ ra káàtọ̀ọ̀nù wáyà Cat6 kan, wọ́n á fà á gba orí òrùlé, wọ́n á so ó mọ́ òpó, ó parí.

Kò tíì parí o. Wáyà bàbà tí a fi ń so kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ Cat5e, ìbáà jẹ́ Cat6, mítà 100 péré ni ìlànà fún un: mítà 90 fún èyí tó wà nínú ògiri, mítà 10 tó kù fún àwọn okùn kéékèèké tó wà ní ìkángun méjèèjì. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, ó lè jọ pé ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ má tíì yọ̀. Kámẹ́rà ẹ̀yìn sítọ́ọ̀ á máa ṣe dáadáa lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn iná kéékèèké tó fi ń ríran nínú òkùnkùn á tàn, wọ́n á fẹ́ iná sí i, iná tó ń gba inú wáyà gígùn yẹn bọ̀ kò sì ní tó wọn mọ́. Kámẹ́rà á kú, á jí, á tún kú. Ọ̀gá á ní ọlọ́dẹ ló ń tú u lóru. Ọlọ́dẹ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ó tún wá burú sí i tó bá jẹ́ pé wáyà náà kì í ṣe ojúlówó. Àwọn kan wà lọ́jà tó jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò. Ẹ fi abẹ ha ara wáyà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí inú rẹ̀ bá funfun bíi fàdákà, ẹ dá a padà.

Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní ilé méjèèjì kò jìn síra, ká ní mítà 60 ni, mo ṣì máa ní kí ẹ fa fáíbà, nítorí àrá. Ẹ mọ bí àrá ṣe máa ń sán l'Ékòó nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹta àti Oṣù Kẹrin, àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá. Kò dìgbà tí mànàmáná bá bà lé wáyà yín gan-an. Bó bá ti bọ́ sí tòsí, agbára rẹ̀ á wọ inú wáyà bàbà tó nà gbọọrọ láàrin ilé méjì, á sáré wọ súwíìsì tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, á sì gba ibẹ̀ wọ inú wọn. Òjò ọjọ́ kan lè kó súwíìsì, kámẹ́rà àti ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe fáíbà, gíláàsì kì í sì í gbé iná. Mànàmáná kò rí ọ̀nà gbà nínú rẹ̀. Ariwo iná tí wẹ́dà àti mọ́tọ̀ ńláńlá inú gbọ̀ngàn ń tú jáde kò sì lè dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́.

Ó yẹ ká mọ ibi tí gíláàsì yìí ti wá. Ní 1966, Charles Kao, tí wọ́n bí ní Shanghai, àti akẹgbẹ́ rẹ̀ George Hockham, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Harlow nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní ìdọ̀tí inú gíláàsì ló ń pa ìmọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, pé bí gíláàsì bá mọ́ tó, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ lọ jìnnà. Ní 1970, àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà rí irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ ṣe. Wọ́n fún Kao ní ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Irú gíláàsì yẹn náà ló wà nínú okùn MainOne tó gba abẹ́ òkun gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2010. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí yẹn sọ́kàn o, a ṣì máa padà sórí rẹ̀.

Ó dáa. Mídíà kọ̀nfátà kan wà lórí tábìlì níwájú mi báyìí. Àpótí irin kékeré ni, ọwọ́ kan gbé e. Ihò tí a ń ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀ wà ní ojú kan, ihò fáíbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ihò iná wà lẹ́yìn. Àwọn iná tíńtìntín márùn-ún tàbí mẹ́fà wà lórí rẹ̀. Ohun tí wáyà bàbà bá gbé wá bí iná, àpótí yìí á sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀, á sì ràn án lọ nínú fáíbà. Èkejì rẹ̀ tó wà ní sítọ́ọ̀ á gbà á, á sọ ọ́ padà di iná. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe padà sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ kò sì ní tẹ nọ́ńbà kankan sí i. Ẹ kàn ki okùn bọ̀ ọ́, ẹ fún un níná, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Nǹkan mẹ́rin ni ẹ máa wò kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni irú fáíbà. Méjì ló wà. Single mode ni èyí tí ara rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ibi tóóró tó jẹ́ máíkírómítà 9 kọjá nínú rẹ̀. Multimode ni èyí tó sábà máa ń ní àwọ̀ ọsàn tàbí àwọ̀ búlúù tó ń fà sí ewéko. Tirẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó jẹ́ 50 tàbí 62.5. Okùn àti kọ̀nfátà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà. Single mode ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti rà, nítorí ó ń lọ jìnnà, bí ẹ bá sì fẹ́ kí iṣẹ́ yá sí i lọ́jọ́ iwájú, okùn inú ilẹ̀ yẹn kan náà á gbà á.

Èkejì ni eré tí wọ́n ń sá. Àwọn kan jẹ́ mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn kan jẹ́ 1000. Ní ojú fáíbà, ọ̀pọ̀ àwọn kọ̀nfátà olówó pọ́ọ́kú kò lè bá èyí tí eré rẹ̀ yàtọ̀ ṣe. Bí ẹ bá fi 100 síhìn-ín, tí ẹ fi 1000 sọ́hùn-ún, wọn kò ní ríra wọn rárá. Kámẹ́rà 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo mẹ́gábíìtì 4 á lo 40. 100 lè gbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún da iṣẹ́ akáǹtì àti sítọ́ọ̀ mọ́ ọn, 1000 ni kí ẹ rà.

Ẹ̀kẹta ni iye fọ́nrán. Àwọn kan ń lo fọ́nrán méjì: ọ̀kan fún lílọ, ọ̀kan fún bíbọ̀. Bí tiyín bá jẹ́ irú èyí, ẹnu TX (tó ń ràn án lọ) ti ìhín ni kó lọ sí ẹnu RX (tó ń gbà á) ti ọ̀hún. Àwọn kan ń lo fọ́nrán kan ṣoṣo fún lílọ àti bíbọ̀, àwọn wọ̀nyí ló sì pọ̀ lọ́jà. A àti B ni wọ́n máa ń kọ sí wọn lára. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, A ń fi ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 1310 ránṣẹ́, ó ń gba 1550. B ń fi 1550 ránṣẹ́, ó ń gba 1310. A kan, B kan ni ẹ máa rà. A méjì kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láéláé, ẹni bá sì rà á bẹ́ẹ̀ á máa bá okùn tí kò ṣẹ̀ jà.

Ẹ̀kẹrin ni orí okùn. SC ni èyí tó ní igun mẹ́rin tó fẹ̀ díẹ̀, LC ni èyí tó kéré. Ẹ tún wo àwọ̀ rẹ̀. Orí okùn single mode tó jẹ́ búlúù, wọ́n gé ẹnu rẹ̀ gún régé. Èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, wọ́n dá ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Àwọn méjèèjì kò bára wọn ṣe, ìmọ́lẹ̀ á ṣòfò níbi tí wọ́n ti pàdé. Búlúù ni ti ọ̀pọ̀ mídíà kọ̀nfátà. Àwọ̀ ewé ni èyí tí àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń fà wọ ọ́fíìsì yín. Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀: àpótí tí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé wá fún yín kì í ṣe mídíà kọ̀nfátà, bó tilẹ̀ jọ ọ́. Ẹ má yọ okùn wọn kúrò nínú tiwọn ki bọ inú tiyín, kò ní ṣiṣẹ́.

Ẹ máa rí 20 km lára ọ̀pọ̀ mídíà kọ̀nfátà. Ó pọ̀ tó fún gbogbo ọgbà tó wà láti Ìkẹjà dé Agége. Ẹ má rò pé èyí tí wọ́n kọ 80 km sí ló dára jù. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti lágbára jù fún mítà 300, ó lè fọ́ ojú èyí tó ń gbà á.

Ó wá kan fífa okùn. Ẹ ra okùn tó ní fọ́nrán mẹ́rin ó kéré tán, kódà bó jẹ́ ọ̀kan ni ẹ máa lò, nítorí iṣẹ́ gbígbẹ́ ilẹ̀ ló ń ná yín lówó jù. Ẹ fi páìpù bò ó lábẹ́ ilẹ̀, kí ẹ sì gbẹ́ ẹ jìn níbi tí tírélà ń gbà. Tó bá jẹ́ orí òpó ni, ẹ ṣọ́ okùn tó ní irin nínú: irin yẹn ń gbé iná o! Ẹ gé irin náà kúrò kó má bàa dé ibi tí kọ̀nfátà wà, kí ẹ sì so ó mọ́ ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin tí a rì mọ́lẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti tún ṣílẹ̀kùn fún àrá. Ẹ má ṣẹ́ okùn náà ní igun ògiri. Ẹ jẹ́ kó yí gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ẹ ká mítà díẹ̀ sílẹ̀ ní ìkángun méjèèjì fún ọjọ́ tó bá máa já. Ní ti síso fọ́nrán pọ̀, ẹ pe oníṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tó ń fi iná yọ́ gíláàsì pọ̀. Bí ó bá ti gé fọ́nrán, kó fi sẹ́lótéèpù kó gbogbo èérún rẹ̀. Gíláàsì ni, ó ń wọ ara, ojú kò sì lè rí i dáadáa.

Kí okùn kankan tó wọlẹ̀, ẹ gbé kọ̀nfátà méjèèjì sórí tábìlì kan náà. Ẹ fi okùn fáíbà kúkúrú so wọ́n, ẹ ki kọ̀ǹpútà kan bọ ìhín, ẹ ki èkejì bọ ọ̀hún, ẹ fi fáìlì ńlá ránṣẹ́ láàrin wọn. Bó bá ṣe é lórí tábìlì, ẹ ti mọ̀ pé kọ̀nfátà yín kò ní àléébù. Bí wàhálà bá wá dé lẹ́yìn náà, okùn ni ẹ máa wò.

Ẹ jẹ́ ká wá ka àwọn iná rẹ̀. PWR ni iná pé agbára dé ibẹ̀. FX ni iná fáíbà. TP ni iná wáyà bàbà. Bí PWR kò bá tàn, ẹ wo adápútọ̀. Bí PWR tàn, tí FX kò tàn ní ìkángun méjèèjì, ẹ béèrè pé: ṣé A àti B ni? Ṣé eré wọn bára mu? Ṣé okùn kò já? Bí FX bá tàn ní ìkángun kan, tí kò tàn ní èkejì, ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ń lọ ni, kò lè bọ̀; ẹnu okùn ló sábà máa ń dọ̀tí. Bí FX tàn síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí TP kò tàn, ẹ fi fáíbà sílẹ̀, wáyà bàbà ni kí ẹ lọ wò. Àwọn kan ní bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n kọ LFP sí. Bó bá wà ní títàn, bí fáíbà bá já, á pa iná TP náà, kí súwíìsì lè tètè mọ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ pa á nígbà tí ẹ bá ń wá àléébù, kó má bàa ṣì yín lọ́nà.

Mo ní a máa padà sórí ìdọ̀tí. Irun orí wa fẹ̀ tó nǹkan bí máíkírómítà 70. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá jẹ́ 9. Ẹyọ eruku kan, èyí tí ojú kò rí, lè dí i pátápátá. Ní Ìkẹjà àti Agége, ẹ mọ irú eruku tó wà nílé iṣẹ́ wa: ìyẹ̀fun, sìmẹ́ǹtì, èérún páálí, èéfín jẹnẹrétọ̀. Ẹ má ṣí ìdérí okùn kí ẹ tó ṣetán láti kì í bọ̀. Ẹ má fi ọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Ẹ má fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ẹ má sì fi etí ẹ̀wù nù ún. Aṣọ tí kì í tú òwú àti ọtí isopropyl ni kí ẹ fi nù ún, lẹ́ẹ̀kan, sí ìhà kan ṣoṣo. Ẹ tún má fi ojú yọ ọ́ wò láé láti mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀. Ojú ènìyàn kò rí ìmọ́lẹ̀ 1310 àti 1550, ohun tí ẹ kò sì rí lè ṣe ojú yín léṣe.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù. Kọ̀nfátà méjèèjì ló fẹ́ iná. Bí iná bá lọ ní sítọ́ọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ sì gbé ọ́fíìsì nìkan, ọ̀nà ti dí. Ẹ fi UPS kékeré sí ìkángun méjèèjì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára adápútọ̀: 5V ni ọ̀pọ̀ wọn, ẹ má ki 12V ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́ nítorí pé ẹnu rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ sì rántí pé gíláàsì tí kì í gbé àrá kì í gbé iná kámẹ́rà náà. Ẹ fi súwíìsì PoE, èyí tó ń fi iná ránṣẹ́ nínú wáyà kọ̀ǹpútà, sí ìkángun sítọ́ọ̀, kí kámẹ́rà máa gba iná níbẹ̀.

Ẹnì kan lè ní, ṣé íntánẹ́ẹ̀tì gan-an kò tó? Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹta 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì fà ní Nàìjíríà, àwọn báǹkì pàápàá fara gbá a. Okùn tó wà láàrin ọ́fíìsì yín àti sítọ́ọ̀ yín kò bá wọn já. Iléeṣẹ́ tí ìwé ọjà rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nínú ọgbà lè máa tajà lọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi tọ́ kí ẹ náwó sí i, kí ẹ sì ṣe é dáadáa.

Ẹ̀yin ọ̀gá, nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ ra kọ̀nfátà A kan àti B kan sí i, ẹ tọ́jú wọn sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sí páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí ara ògiri: èwo ni A, èwo ni B, eré tí wọ́n ń sá, fọ́nrán tí ẹ lò, àti ibi tí okùn gbà lábẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá wá tún un ṣe lọ́dún márùn-ún sí i lè má jẹ́ ẹ̀yin. Ìwé pélébé yẹn á bá a dín wákàtí púpọ̀ kù, á sì gba òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ gígé okùn tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ní ètò tó ń bọ̀, a óò sọ̀rọ̀ lórí ẹ́ẹ̀tì: bí a ṣe ń ri irin rẹ̀ mọ́lẹ̀ àti bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n.